Ẹni Tí Wọ́n Ń Bá Dáhùn

Adájọ́ ni wọ́n ń pè é ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà. Kì í ṣe tìtorí pé ìmọ̀ òfin ló ń kọ́ nìkan. Lọ́jọ́ kan, ọṣẹ kan sọnù nílé ìwẹ̀, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n wá ro ẹjọ́ fún un. Gbogbo wọn dúró yí i ká, òun sì jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ tẹnu wọn. Ni ọ̀kan nínú wọn bá ní, "Ẹ wò ó ná. Gbogbo wa la wà ní ìdúró, òun nìkan ló jókòó. Ta ló tún ń jẹ́ adájọ́ jù báyìí lọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì dá ẹjọ́ ọṣẹ náà. Láti ìgbà náà lorúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè.

Àjà kẹta ló ń gbé, kò sì déédéé débẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ yunifásítì, yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún un, èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti àwọn àga tó ti ṣẹ́ sí. Yàrá náà tóbi, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, irin tí èèyàn lè dì mú wà nílé ìwẹ̀ rẹ̀. Gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀ àfi èèyàn. Ó lè wà nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má gbọ́ ju ìró ẹ̀rọ omi lọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín lókè, ẹ̀rín náà á wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti inú àjà, bí ẹ̀rín ilé onílé. Ó fara dà á títí, ara kọ̀, ó gba ọ́fíìsì lọ.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akànda jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ kan tí kì í bọ́ táì lọ́rùn, ooru ìbáà mú, òjò ìbáà rọ̀. Onítáì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó mi orí.

"Ààbò rẹ là ń rò, ọmọ mi. Lókè yẹn, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀gá, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí mi nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ta ló máa mọ̀?"

Onítáì wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbà. Lífìtì kúkú wà nínú ilé náà. Wọ́n fún un ní yàrá lájà kẹta, wọ́n fẹ ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun ya àwòrán kẹ̀kẹ́ kan sára ògiri lórí àtẹ̀gùn, níbi pẹrẹsẹ tí bíríkì oníhò ti kọjú sí àgbàlá ẹ̀yìn. Onítáì fúnra rẹ̀ ló mú un débẹ̀.

"Bí agogo iná bá dún, má wọ lífìtì o. Ibí ni kó o wá dúró sí. A ti yan àwọn méjì tó máa gòkè wá gbé ọ." Ó na ìka sí àwòrán náà bí ẹni tó ń fi ọ̀nà ilé han ọmọdé. "Ìwọ ṣá ti dúró síbí. Wọ́n á wá." Ó ti ń lọ kó tó tún yíjú padà. "Àmọ́ bí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀ pẹ́rẹ́n, ìsàlẹ̀ lo máa padà sí. Àdéhùn wa nìyẹn."

Adájọ́ ní òun gbọ́.

Àwọn méjì tí wọ́n yàn ọ̀hún, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìparí ni wọ́n, ọmọ alágbára, ọ̀kan nínú wọn a máa ju irin níbi eré ìdárayá. Nígbà tí ọdún náà parí, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí wọn, wọ́n ki ẹrù bọ inú àpò, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Adájọ́ mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà ló ti fẹ́ lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n "ìsàlẹ̀ lo máa padà sí" ti há sí i lọ́fun bí eegun ẹja. Ó dákẹ́.

Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ni Gbohùngbohùn. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́, ohùn rẹ̀ sì ti tó ti olùkọ́ ogún kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ àṣírí fún ọ, kó o kọ́kọ́ ti fèrèsé. Ó lè ti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lájà kẹta bi Bàbá Géètì bóyá oníbúrẹ́dì ti dé, kí Bàbá Géètì sì dá a lóhùn láì dìde lórí bẹ́ǹṣì. Òun àti Adájọ́ fẹ́ràn ara wọn gan-an. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń jà, bí ọ̀kan bá sì ń ṣàìsàn èkejì kì í rí oorun sùn.

Ilé náà ní àṣà kan. Màmá Ilé, obìnrin gíga kan tó gbẹ, tó ti ń ṣọ́ ilé náà láti ìgbà tí ògiri rẹ̀ ti wà ní tuntun, a máa dán wọn wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Agogo iná á kàn dún, gbogbo wọn á sáré lọ sí àgbàlá ẹ̀yìn. Màmá Ilé á gun orí búlọ́ọ̀kù kan, á máa pe yàrá láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹnu kan ni yàrá kọ̀ọ̀kan fi ń dáhùn. Á ní, "Yàrá kìíní," ọ̀kan nínú wọn á sì dáhùn pé, "A pé." Bí yàrá tó kẹ́yìn bá ti ní "A pé" báyìí, Màmá Ilé á pàtẹ́wọ́. "Ilé ti ṣófo," ni yóò wí, wọn á sì tú ká. Ó yá, kò sì ní wàhálà. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọdún gbọọrọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí agogo dún lẹ́yìn tí Adájọ́ dé òkè, àwọn méjì tí wọ́n yàn ò sí nílé. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kan ló gbé e tòun ti kẹ̀kẹ́. Òjò ń rọ̀, àtẹ̀gùn ń yọ̀. Níbi ìyànà, ẹsẹ̀ ọ̀kan yẹ̀, kẹ̀kẹ́ dojú dé, wọ́n fi ara gbá ògiri. Ọwọ́ ẹnìkan rọ́. Síkẹ́ẹ̀tì Adájọ́ ká sókè lójú gbogbo èèyàn, ó sì jókòó sínú òjò ní àgbàlá tó ń wo ilẹ̀ títí wọ́n fi pe yàrá tán. Màmá Ilé fúnra rẹ̀ ló fi ìborùn nù ún lójú.

"Kò sídìí tí a ó fi máa fìyà jẹ ọ́ torí ìdánrawò," ni Màmá Ilé wí. "Nígbà mìíràn, jókòó sí yàrá rẹ. A ṣáà mọ ibi tó o wà."

Inú Adájọ́ dùn dénú. Láti ìgbà náà, bí agogo bá dún, á kàn ṣí ojú ìwé mìíràn. Á máa gbọ́ bí Màmá Ilé ti ń pe yàrá ní àgbàlá, bó bá sì kan tiwọn, ohùn Gbohùngbohùn á gòkè wá bá a bí òkúta tí wọ́n jù, "A pé." Nígbà tí Gbohùngbohùn bá padà dé, á jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa nu òógùn tí kò sí níwájú orí rẹ̀.

"Mo ti gbé ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, Adájọ́. O mà wúwo lónìí."

"Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé ẹ ò jẹ́ kí n ṣubú."

"Ẹ̀bà àná yẹn ni. Dín in kù."

Wọn á rẹ́rìn-ín títí ẹni tó wà ní yàrá kejì á fi gbá ògiri.

Adájọ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù bí ẹni ń sọ àwàdà. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ kì í sì í wọ́n nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ náà ẹ̀rọ náà dákẹ́. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin Màámi, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Mo ń ronú ni. Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tí wọ́n bá ń bá dáhùn, wọn kì í mọ ọjọ́ tó dákẹ́."

"Eré ni, Màámi."

"Mo gbọ́ pé eré ni. Ṣé o ṣì ń fi ìdí sọ̀ kalẹ̀?"

Ojú ti Adájọ́ bí ẹni pé gbogbo yunifásítì ń gbọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, òkè ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìyá kì í gbé e sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Á jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, á na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, á ní kó máa bọ̀. Ọwọ́ lẹ́yìn, ìdí sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójoojúmọ́.

"Màámi, ọmọ ọdún mélòó ni mí? Ní yunifásítì?"

"Ìdí tó o gbé lọ sí yunifásítì náà ni. Mi ò mọ̀ pé mo rán òmíràn tẹ̀lé ọ." Ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ọ̀rọ̀ náà ò tán lára Adájọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ìdánwò dé, ó gbàgbé.

Nígbà yẹn ni òórùn bẹ̀rẹ̀.

Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, torí òun nìkan ni kì í ní ọ̀nà mìíràn ju lífìtì lọ. Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni, kò lágbára, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù bá kan ọ̀rá. Lọ́jọ́ kejì kò sí mọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó padà. Lífìtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìyọnu díẹ̀díẹ̀: á dúró láàárín àjà méjì bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ, iná orí rẹ̀ á máa ṣẹ́jú bí ojú ẹni tí oorun ń kùn, lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀, á tún gbéra. Adájọ́ á di irin kẹ̀kẹ́ mú, á máa wo orí ilẹ̀kùn. Òórùn náà wọnú gèlè rẹ̀, ó wọnú ìwé rẹ̀.

"Kí ló ń rùn lára ẹ bíi táyà?" ni Gbohùngbohùn bi í.

"Èmi ni mo ní kẹ̀kẹ́, kí ló tún yẹ kó máa rùn lára mi?"

Ó fi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó dúró níwájú Bàbá Géètì.

"Bàbá, lífìtì yìí ń rùn."

"Ta ni kì í rùn nínú ooru yìí?" Bàbá Géètì rí ojú rẹ̀, ó fi eré sílẹ̀. "Alátùn-únṣe ti wá wò ó. Ó ní ogbó ni. Ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é tí kò ṣe èmi náà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bó o bá ní kí n lọ sọ fún Onítáì, màá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa á, ibo lo máa gbà gòkè? Ìsàlẹ̀ yẹn náà ni wọ́n máa dá ọ padà sí."

Adájọ́ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun rẹ̀, níbi tí iná kì í ti í tàn dáadáa. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ àtijọ́ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ti ń kó àga tó ṣẹ́ sí ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà bẹ́ẹ̀ ná, Bàbá," ló wí.

Sátidé kan ni, oòrùn ti gòkè, aṣọ tí wọ́n sá kún okùn ní àgbàlá. Gbohùngbohùn ti gbé ike aṣọ lọ sísàlẹ̀ láti àárọ̀. Adájọ́ jókòó nídìí tábìlì pẹ̀lú ìwé òfin kan tó nípọn bí ìrọ̀rí. Agogo iná dún.

"Màmá Ilé ti tún bẹ̀rẹ̀," ló sọ fún ìwé náà. Kò mira. Ó ń gbọ́ sálúbàtà tó ń gbá ilẹ̀ lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín, ó gbọ́ tí ẹnìkan ń kùn pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ sírun ni. Lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, àjà kẹta dákẹ́. Agogo nìkan ló kù, ó ń dún, ó ń sinmi, ó ń dún.

Ó gbọ́ òórùn náà. Ó rò pé gèlè òun ni. Ó tú u, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Òórùn náà ò lọ. Ńṣe ló ń le sí i.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, ó rí i pé èéfín dúdú ti ń yọ ahọ́n jáde láàárín ilẹ̀kùn lífìtì, ó ń lá ògiri lọ sókè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo láti ìkángun dé ìkángun. Sálúbàtà kan ṣoṣo tí olówó rẹ̀ ò dúró mú ló wà nílẹ̀.

Ó yí kẹ̀kẹ́ lọ sórí àtẹ̀gùn, sí ibi tí wọ́n ní kó dúró sí. Ọkàn rẹ̀ ò tíì já. Ó fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ àwòrán funfun náà, ó fi ojú sí ihò bíríkì. Ó rí àgbàlá ní abala abala: aṣọ lórí okùn, orí tí wọn ò tíì dì tán, Màmá Ilé lórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó sọ fún un pé Bàbá Géètì ló rí iná náà nídìí lífìtì tó fi tẹ agogo, pé etí Màmá Ilé ló sọ ọ́ sí, tí Màmá Ilé sì ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, kí àwọn ọmọ má bàa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ṣì ń ṣeré. Màmá Ilé nìkan ló mọ̀ pé kì í ṣe ìdánrawò, ẹ̀rù sì ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ọ̀nà tó mọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe yàrá bó ṣe máa ń pè é.

"A pé."

"A pé."

Adájọ́ ń gbọ́ wọn nígbàkúùgbà tí agogo bá sinmi. Wọ́n pe ìsàlẹ̀ tán, wọ́n bọ́ sí àjà kìíní, wọ́n bọ́ sí èkejì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó bá kan yàrá tiwọn, Gbohùngbohùn á wo ọ̀tún, á wo òsì, á rí i pé òun ò sí níbẹ̀. Èéfín ti ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Màmá Ilé pe yàrá wọn.

"A pé," ni Gbohùngbohùn wí. Ohùn náà mọ́ ketekete. Ó gòkè wá bá a bí òkúta tí wọ́n jù.

Wọ́n pe yàrá tó kàn.

Adájọ́ la ẹnu kó kígbe, èéfín wọlé dípò kí ohùn jáde. Ó wúkọ́. Ó na ọwọ́ jáde nínú ihò bíríkì, ó ń jù ú. Kò sẹ́ni tó wòkè. Ta ló ń wo ilé tó ti ṣófo? Ó fa fóònù yọ, ó pe Gbohùngbohùn, ó sì gbọ́ fóònù náà tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀, nínú yàrá wọn, lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó pe Màmá Ilé, ẹlòmíràn ti wà lórí ìlà náà. Àwọn panápaná ni Màmá Ilé ń bá sọ̀rọ̀.

"Gbogbo wọn ti jáde," ló gbọ́ tí Màmá Ilé ń wí fún wọn. "Gbogbo wọn ti dáhùn. Ilé ti ṣófo. Bàbá, ẹ pa ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn yẹn dé kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé."

Nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn irin náà padé.

Ìwọ ṣá ti dúró síbí. Wọ́n á wá. Ó gbójú sókè wo àwòrán náà. Èéfín ti bò ó dé àárín. Orí ẹni tí wọ́n yà sórí kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ti pòórá. Ìgbà náà ló tó yé e yékéyéké pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀. Ohun tó burú ju ìyẹn lọ ló ṣẹlẹ̀: wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó jáde.

Ó dì mọ́ irin àtẹ̀gùn, ó bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Símẹ́ǹtì gbóná lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Nílẹ̀ níbi tó wà yìí, èèyàn ṣì lè mí. Ó fi èjìká ti kẹ̀kẹ́ náà títí dé etí àtẹ̀gùn, kẹ̀kẹ́ tó ti gbé e láti ilé ìwé girama, ó sì tì í.

Ariwo rẹ̀ pọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà lọ gbá ìyànà, ó dúró. Níta, kò sẹ́ni tó gbọ́. Agogo ń dún lọ́wọ́.

Ọwọ́ lẹ́yìn. Ìdí sílẹ̀. Kí ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ara rẹ̀ ò gbàgbé. Èéfín ń gòkè, òun ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n pàdé, wọ́n fi ara họ ara. Bó ṣe ń dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, á tún ojú rẹ̀ ṣe, á tún tì í. Táyà kan ti yọ. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Nígbà tó dé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, kò ríran mọ́. Omi ló ń dà lójú rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá kẹ̀kẹ́ náà kàn, ó fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ tì í.

Ó gbọ́ tó ń yí gbirigbiri, ó gbọ́ tó gbá ilẹ̀kùn irin. Wọ́n kàn pa ilẹ̀kùn náà dé ni, wọn ò tì í. Ó ṣí. Ìmọ́lẹ̀ wọlé wá sórí àtẹ̀gùn, kẹ̀kẹ́ sì bọ́ sí àgbàlá lójú gbogbo wọn, láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dáwọ́ dúró níta. Agogo náà ń sinmi lọ́wọ́ nígbà yẹn. Adájọ́ ò gbọ́ nǹkan kan, àfi táyà kan tó ṣì ń yí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Gbohùngbohùn, kò sì mọ̀ ọ́n, torí ó kéré bí ohùn ọmọ ìkókó.

"Èmi ni mo dáhùn," ni ohùn náà ń wí. "Èmi ni mo dáhùn."

Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀.

Onítáì wá kí i nílé ìwòsàn. Táì rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ọmọ mi, o rí ohun tí mo ń wí. Bí wọ́n bá tún ilé ṣe tán, ìsàlẹ̀ ni. Ààbò rẹ ló jẹ wá lógún."

Ohùn Adájọ́ ò tíì padà bọ̀ sípò; ó ń dún bí ewé gbígbẹ. "Ọ̀gá, àwọn méjì tí ẹ yàn, níbo ni wọ́n wà?"

Onítáì bẹ̀rẹ̀ sí í tún táì rẹ̀ ṣe.

"Wọ́n ti parí ẹ̀kọ́ wọn láti èṣí. Ẹ ò mọ̀. Èmi mọ̀, mi ò sọ, torí ìsàlẹ̀ yẹn. Mo gbóòórùn iná nínú lífìtì, mi ò wá bá yín, torí ìsàlẹ̀ yẹn kan náà. Ẹni tí ẹ bá ń fi ìsàlẹ̀ dẹ́rù bà kò lè sọ òótọ́ fún yín, Ọ̀gá."

Màmá Ilé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. "Kò ní padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀," ló wí. "Lókè tí èèyàn yí i ká, èmi ni mo fi ẹnu ara mi wí pé ilé ti ṣófo. Ká wá lọ gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò sí? Ibi tí a bá gbé e pa mọ́ sí, ibẹ̀ náà la ó gbàgbé rẹ̀ sí." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí àwọn àgbà lọ, Gbohùngbohùn kù níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sọ̀rọ̀ sókè. Bó bá fẹ́ iyọ̀, ó ń na ìka sí i ni.

"Má bá mi dáhùn mọ́," ni Adájọ́ wí.

"Mi ò jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Bí èmi fúnra mi bá bẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Bí òjò bá ń rọ̀, tí mo ní mo ní ìdánwò?"

Gbohùngbohùn rò ó. "Màá fẹjọ́ ẹ sun ìyá ẹ."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè lọ.

Wọ́n tún ilé náà ṣe. Wọ́n gbé lífìtì tuntun wá, Onítáì yan àwọn mẹ́rin dípò méjì, ó sì ṣèlérí pé láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ti ń lọ, òun ò ní sinmi títí òun á fi rí arọ́pò. Wọ́n tún àwòrán funfun yẹn yà. Ṣùgbọ́n lókè ilẹ̀kùn lífìtì lájà kẹta, àbàwọ́n dúdú kan wà tí àwọn akunlé ò rí ojútùú rẹ̀. Wọ́n kùn ún, wọ́n tún un kùn, bí ọ̀dà bá ti gbẹ, á tún yọ jáde bí òógùn lára aṣọ. Adájọ́ kì í wò ó. Bó bá ń wọ lífìtì, ilẹ̀ ló ń wò, á sì máa fa imú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, agogo dún.

Adájọ́ pa ìwé rẹ̀ dé. Gbohùngbohùn dìde, ó wò ó, ó jáde. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò sí i nìyẹn. Adájọ́ yí kẹ̀kẹ́ tuntun rẹ̀ lọ sórí àtẹ̀gùn, sábẹ́ àwòrán. Ó fi ojú sí ihò bíríkì.

Màmá Ilé kì í pe yàrá mọ́. Èèyàn ló ń pè, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí a bá pè á dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó pẹ́ gan-an kó tó kan àjà kẹta. Gbohùngbohùn dá tirẹ̀ lóhùn. Lẹ́yìn náà Màmá Ilé gbé orí sókè.

"Adájọ́."

Àgbàlá dákẹ́.

Ọmọ tuntun kan, tí kò tíì pẹ́ nínú ilé náà, tí kò sì mọ nǹkan kan, gba ọ̀rọ̀ náà sọ tinútinú. "Ó wà, Mà. Mo rí i láàárọ̀ yìí, ó—"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Gbohùngbohùn wí. Ohùn rẹ̀ àtijọ́ ni. Ó gòkè wá, ó gbá ògiri.

Àgbàlá tún dákẹ́. Adájọ́ lè kígbe. Ihò bíríkì wà níwájú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ sì ti yá. Ó pa ẹnu dé. Ó fẹ́ mọ̀ bí ìdákẹ́jẹ́ náà yóò ṣe pẹ́ tó kó tó hu ẹsẹ̀ gòkè wá wá òun. Ó fa imú. Ọ̀dà tuntun ló ń rùn, àti rọ́bà. Kò lè mọ̀ bóyá rọ́bà tuntun ni.

Ilẹ̀kùn irin dún nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ bọ́ sórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ púpọ̀, àti ohùn Bàbá Géètì tí kò sẹ́ni tó yàn án mọ́ wọn, tó ń bá eékún rẹ̀ jà.

"Adájọ́, ṣé o wà lókè níbẹ̀ yẹn?"

Kò tíì dáhùn. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn, ó sì ń ṣọ́ ilẹ̀kùn lífìtì.